Omi Ògì, Ìwúkàrà, àti Oògùn Tí Mo Fẹ̀sùn Kàn

Ìgbà kẹrin láàárín ọdún kan nìyẹn tí mo máa dúró níwájú káńtà kẹ́míìsì ìkòríta wa ní Ìbàdàn, tí màá máa retí kí bàbá tó ń ra oògùn ibà kúrò níbẹ̀ kí n tó la ẹnu. Ẹ̀yin obìnrin ẹgbẹ́ mi mọ̀ ọ́n. Èèyàn á kọ́kọ́ béèrè Paracetamol tí kò fẹ́ lò, á wẹ̀yìn, á wo ẹ̀gbẹ́, lẹ́yìn náà ni yóò wá rẹ ohùn sílẹ̀: "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, tóílẹ́ẹ̀tì infẹ́kṣọ̀n ni o." Àǹtí ò bi mí ní nǹkan kan. Ó nawọ́ sí pẹpẹ, ó mú páálí kan tí wọ́n ya òdòdó sí lára, ó ní, "Ẹ máa tì í sí ojú ara lálẹ́ bẹ́ ẹ bá fẹ́ sùn, ọjọ́ méje. Á fọ gbogbo ẹ̀ mọ́ tónítóní."

Á fọ gbogbo ẹ̀ mọ́. Bí orin ni gbólóhùn yẹn ṣe dùn létí mi lọ́jọ́ náà. Ó tó ọdún méjì kó tó yé mi pé inú rẹ̀ gan-an ni wàhálà mi fi ṣe ilé.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bá orúkọ yẹn jà ná. "Tóílẹ́ẹ̀tì infẹ́kṣọ̀n" ni gbogbo wa ń pe ohunkóhun tó bá ti ṣe ojú ara, ì báà yún, ì báà rùn, ì báà máa ṣomi, ì báà máa ta èèyàn bó bá ń tọ̀. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ilé-ìwé, ti ṣọ́ọ̀ṣì, ti ibùdókọ̀, la máa ń di ẹ̀bi rù. Bẹ́ẹ̀, Candida, ìyẹn ìwúkàrà tó máa ń fa yíyún, kì í fò láti orí àwo ìgbọ̀nsẹ̀ wọ inú ẹnikẹ́ni. Ó ti wà nínú ìfun wa tipẹ́, ó sì wà lójú ara ọ̀pọ̀ obìnrin tí nǹkan kan ò ṣe. Bí a bá kó obìnrin mẹ́rin jọ, nǹkan bíi mẹ́ta nínú wọn ni yóò bá wàhálà rẹ̀ pàdé ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan láyé. Orúkọ kan ṣoṣo fún àìsàn márùn-ún, oògùn kan ṣoṣo fún gbogbo wọn. Ibẹ̀ ni nǹkan ti wọ́.

Tèmi bẹ̀rẹ̀ láti ibi eyín. Eyín kan ń dùn mí, wọ́n fún mi ní amoxicillin, ańtíbáótíìkì kan tó ń pa bakitéríà, mo lò ó tán, eyín sinmi. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, yíyún dé. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, mo ń fi itan nu itan lẹ́yìn tábìlì. Ohun funfun kan ń jáde bíi wàrà tó dì, kò sì rùn. Ìyẹn, ìwúkàrà ni lóòótọ́, mi ò jiyàn. Mo lo oògùn onípáálí òdòdó, ó lọ. Kò ju oṣù kan ààbọ̀ lọ, ó padà, ṣùgbọ́n ó ti yí ìwà padà: omi rẹ̀ ti ṣàn, kò dì mọ́, ó sì ń rùn bí ẹja inú fíríìjì tí kò rí iná fún ọjọ́ mẹ́ta. Èmi ò tiẹ̀ rò ó pé ìyàtọ̀ yẹn ní ìtumọ̀. Páálí òdòdó ni mo tún lọ rà. Ó dẹwọ́, ó tún dé. Mo tún rà á.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń gbé ní Manchester ló wá fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp ní òru ọjọ́ kan. "Gbọ́ mi dáadáa. Oògùn ìwúkàrà tó ò ń lò yẹn ló ń pa àwọn bakitéríà rere tó ń ṣọ́ ojú ara. Bó o ṣe ń lò ó ni wọ́n ń tán. Jáwọ́ ńbẹ̀." Ọ̀rọ̀ náà bá mi lára mu gan-an. Ó ti bá mi rí olè mú. Mo kó gbogbo ohun tó ń jẹ́ clotrimazole, oògùn ìwúkàrà yẹn, nílé dànù. Oṣù mẹ́rin gbáko ni mo fi ń tọ́jú ara mi pẹ̀lú omi gbígbóná, iyọ̀, ìdérí kan oògùn apakòkòrò tí a fi ń nulẹ̀, àti, ẹ forí jì mí, aáyù. Ẹ má bi mí bí aáyù ṣe rí níbẹ̀. Ẹni bá fẹ́ mọ̀ kó fi ọwọ́ tó fi gé ata rodo nu ojú.

Nígbà tó sú mi, mo lọ rí dókítà, ó ní kí n lọ ṣe HVS ní láàbù, ìyẹn kí wọ́n fi òwú nu inú ojú ara láti yẹ̀ ẹ́ wò. Ọmọbìnrin tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lọ. Ó rí i pé ojú mi ò kúrò lára máíkírósíkóòpù rẹ̀, ó ní, "Ṣé ẹ fẹ́ wò ó, Mà?"

Ohun tí mo kọ́kọ́ rí ni irun ìpéǹpéjú ara mi. Nígbà tí mo sún ojú sẹ́yìn díẹ̀, awọ inú ojú ara mi bá fara hàn, ó tẹ́ pẹrẹsẹ bí ewé tó já sójú omi, ó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, kókó dúdú kan sì wà láàárín ewé kọ̀ọ̀kan. Ó ní, "Ó yẹ kí ẹ máa rí àwọn ọ̀pá tínrín-tínrín aláwọ̀ àlùkò láàárín wọn, bí igi ìṣáná tó dà sílẹ̀. Àwọn yẹn ni Lactobacillus, bakitéríà rere tó ń ṣọ́ ojú ara." Mo wá wọn títí. Bóyá mẹ́ta, bóyá mẹ́rin. Ohun tó kún ibẹ̀ ni àwọn èérún kéékèèké tí wọ́n lẹ̀ mọ́ etí ewé náà títí etí ọ̀hún kò fi hàn dáadáa mọ́, bí iyanrìn ṣe máa ń lẹ̀ mọ́ ewé mọ́ínmọ́ín tí a kò fọ̀.

Ó wá gbé gíláàsì kejì sábẹ́ ẹ̀rọ, èyí tó kán nǹkan sí tó máa ń jẹ awọ run tí á fi ìwúkàrà sílẹ̀ kéèyàn lè rí i. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

"Ìwúkàrà dà?"

"Kò sí níbí, Mà. Kò sí rárá."

Ó fi bébà tẹ́ẹ́rẹ́ kan hàn mí, tí àwọ̀ rẹ̀ ti ń kúrò ní yẹ́lò lọ sí ti ewé. Ó ní pH mi, òṣùwọ̀n tó jẹ́ pé bó bá ṣe ń ga ni kíkan ń dín, ti ju 5 lọ, bẹ́ẹ̀ àárín 3.8 sí 4.5 ló yẹ kó wà. Lédè kan, ojú ara mi ò kan mọ́.

Ọmọ ológì ni mí. Ọ̀rọ̀ yẹn ò nílò ògbufọ̀.

Ìyá mi fi ògì tọ́ wa. Àgbàdo á rẹ fún ọjọ́ mẹ́ta, a ó lọ̀ ọ́, a ó sẹ́ ẹ, eèrí á lọ fún ẹlẹ́dẹ̀ ará ilé wa, ògì á sùn sí ìsàlẹ̀ ìkòkò, omidùn á lé lókè. A kì í fi nǹkan kan sí i kó tó kan. Lactobacillus ti wà lára àgbàdo tẹ́lẹ̀, wọ́n ń jẹ ṣúgà inú rẹ̀, wọ́n ń fi ásíìdì rọ́pò rẹ̀, irú ásíìdì tó wà nínú wàrà kíkan. Kíkan yẹn ni kì í jẹ́ kí àwọn kòkòrò burúkú gbalẹ̀. Ìdí tí àwọn àgbà fi ń lo omidùn rẹ egbò àti ewé nìyẹn náà, ó kéré tán èmi gbà bẹ́ẹ̀. Ẹbí yìí kan náà ló ń gbé ojú ara. Tinú ògì tó gbajúmọ̀ jù ni Lactobacillus plantarum, tí wọ́n ti yí orúkọ rẹ̀ sí Lactiplantibacillus plantarum lọ́dún 2020. Tojú ara tó ń ṣọ́lé dáadáa jù ni Lactobacillus crispatus. Ara wa ló ń bọ́ tojú ara: họ́mónù estrogen máa ń jẹ́ kí awọ ibẹ̀ to ṣúgà jọ, ìyẹn ni wọ́n ń jẹ tí wọ́n ń sọ di kíkan. Dókítà ará Jámánì kan, Albert Döderlein, ló ṣàpèjúwe wọn lọ́dún 1892, àwọn kan ṣì ń fi orúkọ rẹ̀ pè wọ́n dòní.

Ohun tó wá já mi lójú orun ni èyí. Bí ògì bá pẹ́ jù nínú ìkòkò tí a kò pa omi rẹ̀ dà, nǹkan funfun kan máa ń tẹ́ bo ojú omi bí awọ. Màámi á fi ọwọ́ ká a kúrò, á da omi nù, á bu tuntun sí i. Ìwúkàrà ni awọ funfun yẹn. Omi náà kan gan-an, ìwúkàrà sì ń gbé orí rẹ̀ láìṣe wàhálà. Kíkan ò ní kó má gbé. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí lójú ara. Obìnrin lè ní ìwúkàrà tó ń yún un débi tí kò fi lè jókòó, kí pH rẹ̀ ṣì wà ní 4, kí àwọn ọ̀pá àlùkò náà sì kún ibẹ̀ bámúbámú. Àwọn méjèèjì mọ bí a ṣe ń jọ gbé ilé kan. Èyí tó ń rùn bí ẹja, tó ń lẹ̀ mọ́ etí ewé, àwọn bakitéríà mìíràn tí àìsàn wọn ń jẹ́ bacterial vaginosis, ìyẹn ló máa ń gba ilé nígbà tí onílé bá ti lọ tán.

Ta ló wá lé onílé?

Ọmọbìnrin láàbù ní kí n kó ohun tí mo ti ń lò jáde. Mo ní páálí òdòdó kan tó ṣẹ́kù nínú báàgì. Ó yí i sẹ́yìn, ó sún un mọ́ ojú, ó ka lẹ́tà wínníwínní tó wà níbẹ̀ bí olùkọ́ tó ń pe orúkọ ní kíláàsì: "Clotrimazole. Clindamycin. Tinidazole." Oògùn mẹ́ta nínú ẹyọ kan. Gbogbo ọdún tí mo fi rà á, mi ò yí páálí yẹn sẹ́yìn rí. "Èwo nínú wọn ni wọ́n ní ó ń pa àwọn rere, Mà?" Mo fìka sí ti àkọ́kọ́. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ó tètè gbé e mì nítorí ọjọ́ orí mi.

Oògùn kọ̀ọ̀kan ló ní ibi tó ń wò kó tó sọ̀kò. Awọ tó bo ìwúkàrà ní ọ̀rá kan tí wọ́n ń pè ní ergosterol. Òun ni òpó tó gbé awọ náà ró. Nínú ara èèyàn, cholesterol ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Clotrimazole, miconazole àti fluconazole, ọ̀nà tí ìwúkàrà fi ń ṣe ergosterol ni wọ́n ń dí. Nystatin ní tirẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ ergosterol fúnra rẹ̀, á lu awọ náà ní ihò, ohun inú ìwúkàrà á sì jò dànù. Lactobacillus ò ní ergosterol. Kò ṣe é, kò sì lò ó. Kí ni olè táyà fẹ́ jí lára ẹṣin?

Mi ò ní purọ́ fún yín. Nínú abọ́ láàbù, bí wọ́n bá da clotrimazole tàbí miconazole lé àwọn bakitéríà kan lórí, tó sì pọ̀ gan-an, ó lè ká wọn lọ́wọ́ kò. Ẹni tó bá ń wá ohun tí yóò fi dẹ́rù ba obìnrin á rí ìyẹn mú dání. Àmọ́ lára àwa tí à ń lò ó bí wọ́n ṣe ní ká lò ó, a kò rí i kí Lactobacillus tán nítorí rẹ̀.

Amoxicillin tí mo lò fún eyín ńkọ́? Ògiri tí bakitéríà mọ yí ara rẹ̀ ká nìyẹn ń wó. Lactobacillus ní irú ògiri bẹ́ẹ̀, ìwúkàrà ò ní in. Ẹ rí i bó ṣe rí: oògùn eyín kọjá lójú ara, ó wó ilé àwọn rere, ó fi ìwúkàrà sílẹ̀ láìfọwọ́ kàn án. Clindamycin inú páálí òdòdó náà, bakitéríà ló ń pa, kò sì yọ ọ̀pá àlùkò sílẹ̀. Àgùntàn tó bá ajá rìn yóò jẹ ìgbẹ́. Clotrimazole ni àgùntàn tèmi, èmi ni mo ń fi òórùn ìgbẹ́ pè é lájá.

Kí n má ba orúkọ clindamycin jẹ́ jù. Dókítà máa ń lò ó fún òórùn ẹja yẹn gan-an, ó sì ń ṣiṣẹ́. Ohun tí mo ń bá jà ni kí wọ́n gbé e fún obìnrin tó jẹ́ pé ìwúkàrà nìkan ló ń yọ ọ́ lẹ́nu, torí kò sẹ́ni tó fẹ́ jókòó wò ó. Tinidazole àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ metronidazole, tí gbogbo wa mọ̀ sí Flagyl, orúkọ wọn parí bíi ti oògùn ìwúkàrà, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ẹbí kan náà. Kòkòrò tí kì í fẹ́ afẹ́fẹ́ ni wọ́n ń lé, wọ́n sì máa ń fi Lactobacillus sílẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Flagyl tí mo máa ń sá fún torí kíkorò rẹ̀ lẹ́nu, òun ni dókítà wá fi wò mí sàn.

Ìtàn kan wà tí mi ò lè ṣe kí n má sọ, bó tilẹ̀ dà bí ẹni yà kúrò lọ́nà. Ní àwọn ọdún 1940, nígbà tí ańtíbáótíìkì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé tí gbogbo ayé ń jó, àwọn dókítà bẹ̀rẹ̀ sí í rí i pé aláìsàn tó bọ́ lọ́wọ́ bakitéríà ń kó sọ́wọ́ ìwúkàrà. Obìnrin méjì tó ń ṣiṣẹ́ fún ẹ̀ka ìlera ìpínlẹ̀ New York wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá oògùn rẹ̀ nínú erùpẹ̀. Elizabeth Hazen wà ní ìlú New York, Rachel Brown wà ní Albany, wọ́n ń fi ìgò ránṣẹ́ sí ara wọn nípasẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́. Nínú erùpẹ̀ tí Hazen bù ní oko àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Virginia ni wọ́n ti rí i, wọ́n sì kéde rẹ̀ lọ́dún 1950. Wọ́n sọ ọ́ ní nystatin nítorí ìpínlẹ̀ New York. Owó tó wọlé lórí rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù mẹ́tàlá dọ́là, wọ́n sì fi gbogbo ìpín tiwọn ṣe ìrànwọ́ fún ìwádìí sáyẹ́ǹsì. Wọ́n tiẹ̀ lò ó fún àwòrán àtayébáyé tó ń bu nígbà tí omi ya wọ Florence ní Ítálì lọ́dún 1966. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí ni pé torí jàǹbá tí oògùn bakitéríà ṣe ni wọ́n ṣe wá oògùn ìwúkàrà. Àwa wá yí ẹjọ́ padà, a di ẹ̀bi ru ẹni tó wá tún ilé ṣe.

Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé ẹ mọ ara yín, pé bó bá ti yún yín ẹ ti mọ̀ pé ìwúkàrà ni, èmi náà sọ bẹ́ẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2002 yẹ obìnrin 95 wò, gbogbo wọn ló ti ra oògùn ìwúkàrà fúnra wọn tàbí tó fẹ́ rà á. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta péré ló jẹ́ pé ìwúkàrà nìkan ló ń ṣe wọ́n. Tàwọn kan jẹ́ òórùn ẹja, tàwọn kan jẹ́ àdàlù, àwọn kan tiẹ̀ wà tí nǹkan kan ò ṣe. Oògùn tí wọ́n fẹ́ lò kì bá tí pa àwọn rere wọn. Kì bá kàn rí ohun tó ń bá jà.

Nílé wa níbí, a tún ní Sítáàfù. Ẹni bá gbọ́ rédíò á rò pé Staphylococcus ló fa àìríṣẹ́ṣe. Kòkòrò yìí ń gbé lára awọ ọ̀pọ̀ èèyàn láìdá wàhálà sílẹ̀, òwú tí wọ́n fi nu ojú ara sì lè gbé e dé láàbù. Èsì á jáde, wọ́n á fún obìnrin ní abẹ́rẹ́ ọjọ́ márùn-ún, abẹ́rẹ́ náà á pa ọ̀pá àlùkò mọ́ ọn, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì á tún padà wá pé yíyún ti dé. Mo mọ obìnrin mẹ́ta tó ti rin ọ̀nà yìí, ọ̀kan nínú wọn ni mo sì ń rí nínú dígí.

Ohun kan wà tí oògùn ìwúkàrà ò lè ṣe, mo sì rò pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ mi ti ní òtítọ́ díẹ̀ nínú. Kì í lé àwọn rere, ṣùgbọ́n kì í gbìn wọ́n padà. Lọ́dún 2004, wọ́n tẹ ìwádìí kan jáde lórí obìnrin 387 tí ìwúkàrà ń padà wá bá. Fluconazole ẹyọ kan lọ́sẹ̀, fún oṣù mẹ́fà. Nígbà tí oṣù mẹ́fà pé, nǹkan bíi mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ló wà ní àlàáfíà, àwọn tó gba oògùn òfìfo kò ju bíi mẹ́rin nínú mẹ́wàá lọ. Wọ́n dá oògùn dúró. Nígbà tó fi máa pé ọdún kan, àwọn tó ṣì wà ní àlàáfíà ti di bíi mẹ́rin nínú mẹ́wàá. Bí a bá lé ọ̀bọ kúrò lóko, ìyẹn nìkan ò ní kí àgbàdo hù. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ tí ṣúgà rẹ̀ ga, ìwúkàrà ò ní yé rí oúnjẹ jẹ lára rẹ̀, oògùn yòówù tó lò. Ẹni tó lóyún pẹ̀lú, ìwúkàrà máa ń fẹ́ràn rẹ̀, kó sì lọ béèrè lọ́wọ́ dókítà ni, torí fluconazole àgbémì kì í ṣe ohun tí aboyún ń fọwọ́ ara rẹ̀ rà.

Kí èèyàn wá gbé àwọn rere náà mì ńkọ́? Èmi gbìyànjú yọ́gọ́ọ̀tì, mo jẹ ẹ́ títí ọkọ mi fi béèrè bóyá mo lóyún. Ní Melbourne ní Australia, wọ́n fún àwọn obìnrin tó ń lo ańtíbáótíìkì ní Lactobacillus, àwọn kan gbé e mì, àwọn kan fi sí ojú ara. Ìwádìí náà jáde lọ́dún 2004, obìnrin 235 ló parí rẹ̀, kò sì dí ìwúkàrà lọ́wọ́ rárá. Àmọ́ lọ́dún 2020, wọ́n lo crispatus gan-an ní Amẹ́ríkà fún obìnrin 228, lẹ́yìn tí wọ́n ti fi metronidazole lé òórùn ẹja lọ tán. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjìlá, ó padà wá bá 30 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó gbà á, ó padà wá bá 45 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí kò gbà á. Ó dáa díẹ̀. Kì í ṣe iṣẹ́ ìyanu. Ti inú ike yọ́gọ́ọ̀tì kì í sábà jẹ́ crispatus, ṣe ni mò ń gbé àlejò lọ sílé onílé.

Bàbá àgbà kan nínú ẹbí wa ń ṣe egbòogi. Mo ro ẹjọ́ mi fún un lọ́jọ́ kan tí mo lọ kí i, mo rò pé màá yà á lẹ́nu pé kòkòrò rere wà. Kò gbé ojú sókè níbi tó ti ń gé èèpo igi. "Ta ló sọ fún ìwọ pé kòkòrò burú? Kálukú ló ní àpò tó ń gbé nínú ara. Òun ló ń bá wa ṣiṣẹ́. Ìgbà tó bá kún àpò jù ló di àìsàn. Ẹni tó bá pa á tán, ó pa ara ẹ̀ nìyẹn." Mo rẹ́rìn-ín. Ìgbà tó yá ni mo kà nípa dókítà méjì ní Amẹ́ríkà tó kọ̀wé lọ́dún 1991 nípa àwọn obìnrin kan tí yíyún wọn jọ ti ìwúkàrà pátápátá, tó sì jẹ́ pé Lactobacillus tó pọ̀ jù ló fà á. Oògùn ìwúkàrà tí wọ́n ń lò lálòtúnlò kò ràn wọ́n lọ́wọ́. Báwo ni ì bá ṣe ràn wọ́n lọ́wọ́, nígbà tí kì í pa Lactobacillus? Kódà ẹni rere náà lè kún àpò jù. Mo padà lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ bàbá, ó ní òun ti gbàgbé ohun tí a sọ.

Ìyá mi ló ṣòro. Òun ló kọ́ mi pé omi gbígbóná àti álọ́ọ̀mù ló yẹ obìnrin, kí ibẹ̀ lè há kó sì mọ́. Mo jókòó tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò ògì rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, mo ń wá ibi tí màá gbé e gbà.

"Kí lo wá fi ń fọ inú ẹ̀ báyìí?"

"Mi ò fọ inú ẹ̀ mọ́, Màámi. Omi lásán ni mo fi ń fọ ìta."

"Omi lásán?" Ó wò mí bí ẹni tó bí ọmọ fún ẹlòmíràn tọ́. "Ìwọ, obìnrin ilé ọkọ."

"Màámi, bí mo bá da ọṣẹ sínú ògì yín yìí ńkọ́?"

"Ó máa bàjẹ́ ni. Ta ni yóò da ọṣẹ sínú ògì?" Ó dákẹ́. Ó ti ìka bọ omidùn, ó tọ́ ọ wò, ó gbé ìdérí dé e. Kò sọ pé mo jàre. Àmọ́ álọ́ọ̀mù tó máa ń dì fún mi bí mo bá ń padà sí Ìbàdàn, kò dì í lọ́jọ́ náà.

Lọ́dún tó kọjá, eyín yẹn tún gbé tirẹ̀ dé, kò sì sí ọ̀nà mìíràn ju amoxicillin lọ. Ọjọ́ kẹsàn-án, yíyún dé. Mo kọ́kọ́ lọ sí láàbù kí n tó lọ síbì kankan. Ọmọbìnrin mi yẹn ṣì wà níbẹ̀, ó ti ṣègbéyàwó. pH mi wà ní 4, àwọn ọ̀pá àlùkò ti dín ṣùgbọ́n wọ́n ṣì wà, ìwúkàrà sì nà gbọọrọ láàárín wọn bí ẹ̀ka igi tó ń hu. Mo dúpẹ́, mo lọ sí kẹ́míìsì ìkòríta.

"Àǹtí, ẹ fún mi ní fluconazole 150, ẹyọ kan."

Ó ti ń nawọ́ sí páálí òdòdó. Ó dúró. "Ẹyọ kan ṣoṣo? Ẹ ò gba àtìbọ̀? Èyí ní mẹ́ta nínú o."

"Ẹyọ kan yẹn náà ni, ẹ ṣé."

Ó gé e fún mi, kò fara mọ́ ọn. "Ìyẹn ò ní fọ gbogbo ẹ̀ mọ́ o."

Mo ní ohun tí mo wá rà nìyẹn.